Ìyá Ọlọ́dà àti Gbèdéke Ẹ̀bùn Káàdì

Ìyá Ọlọ́dà ń kun ẹsẹ̀ tábìlì lọ́wọ́ nígbà tó rí i pé pákó tí wọ́n tò ti ògiri ti ń yọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Gbẹ́nàgbẹ́nà, ló wà nísàlẹ̀ pákó náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wọn igi. Ìyàwó pè é, kò dáhùn. Ó tún pè é, ó gbé ohùn sókè dáadáa, ọkùnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ni obìnrin náà bá ju búrọ́ọ̀ṣì nù, ó sáré, ó gbá a lẹ́wù mú, ó sì wọ́ ọ kúrò níbẹ̀. Pákó náà wó lulẹ̀ gbàgà síbi tí orí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo pákó, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?" ló wí.

Ìyá Ọlọ́dà mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

Ọ̀rọ̀ etí ọkọ rẹ̀ kì í ṣe tuntun sí i. Láti ìgbà èwe ni ọkùnrin yìí ti ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń la igi, ariwo ẹ̀rọ náà sì ti jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Òun ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ó ní àwọn èèyàn òde òní ni kì í lanu sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá béèrè aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní ọṣẹ wà ní balùwẹ̀. Àwọn ọmọ a máa rẹ́rìn-ín, òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

Ó ti lọ bá dókítà etí láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀. Dókítà sọ fún un pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà, èyí tí wọ́n ń fi sínú etí. Owó rẹ̀ ju agbára Ìyá Ọlọ́dà lọ. Àmọ́ kò sọ̀rètí nù, torí ó ní ibì kan tó gbójú lé.

Káàdì àwìn ló gbójú lé. Báǹkì ló fún un ní káàdì náà nítorí ṣọ́ọ̀bù wọn. Béèyàn bá fi í rajà, báǹkì á sanwó fún ọlọ́jà, tó bá di ìparí oṣù, ẹni tó ni káàdì á san án padà fún báǹkì. Ohun tó wá dùn mọ́ Ìyá Ọlọ́dà nínú ni pé nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan tó bá fi ra ohun èlò iṣẹ́, báǹkì á dá márùn-ún padà fún un bí ẹ̀bùn. Ó wá ń fi ẹ̀bùn yìí pamọ́ síbẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú owó sínú kóló. Káàdì ló fi ń ra ọ̀dà, òun náà ló fi ń ra ìṣó, gúlúù àti pákó. Kódà, Onífóòmù tó ń ran ìjókòó àga ní ṣọ́ọ̀bù kejì sọ́dọ̀ wọn ń bá a fi káàdì náà ra ọjà tirẹ̀, á sì wá kó owó lé e lọ́wọ́. Gbogbo ọjà tí káàdì náà bá rà ni Ìyá Ọlọ́dà ń ṣírò ẹ̀bùn rẹ̀ lórí, ó sì ń rò ó pé owó ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ti ń pé bọ̀.

Ìdánilójú yìí ló fi san àsansílẹ̀ fún dókítà. Dókítà sì là á mọ́lẹ̀ fún un: kí ìyókù dé lọ́jọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn tó ti ń dúró ni yóò gbé ẹ̀rọ náà, àsansílẹ̀ ò sì ní padà.

Lẹ́yìn tí pákó wó yìí, ara rẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́. Ó ṣàkíyèsí pé ohun kan kù tó lè mú kí ẹ̀bùn náà yára pé. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti gbé iṣẹ́ àga àti tábìlì fún wọn, wọ́n sì ti ya owó igi rẹ̀ sọ́tọ̀ nílé. Ó ní dípò kí àwọn ná owó náà, òun á kó gbogbo igi náà sórí káàdì. Onípákó, ẹni tó ń ta igi fún wọn, máa ń bu mẹ́ta lé ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì sanwó. Ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan lójú Ìyá Ọlọ́dà. Mẹ́ta lọ, márùn-ún dé, èrè méjì ṣì kù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ Onípákó lọ. Bí àwọn alágbàṣe ṣe ń kó igi sínú ọkọ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Iṣẹ́ káàdì ni àbúrò yìí ń ṣe ní báǹkì kan, àmọ́ kó tó débẹ̀ rárá ni wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀gá Báǹkì nílé, torí láti kékeré, ẹni tó bá yá owó jíjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní rímú mí títí tó fi máa san án. Ìyá Ọlọ́dà fẹ́ kó bá òun lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n jọ pàrọwà fún ọkọ òun. Ẹnu ibẹ̀ náà ló ti ròyìn ọgbọ́n tó fẹ́ dá lórí igi.

Àbúrò dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò tíì dé gbèdéke tọdún yìí?"

"Gbèdéke wo?"

Àbúrò ní kó kúrò láàárín àwọn tó ń kẹ́rù, kó lọ dúró síbi tó ti lè gbọ́ òun dáadáa. Ó wá ṣàlàyé fún un pé ọ̀pọ̀ káàdì bẹ́ẹ̀ ló ní iye ọjà tí báǹkì á fúnni ní ẹ̀bùn gidi lé lórí láàárín ọdún kan. Béèyàn bá ti rajà dé iye yẹn, ẹ̀bùn márùn-ún á dópin. Ọ̀kan péré lórí ọgọ́rùn-ún ló kù, káàdì mìíràn ò tiẹ̀ ní fúnni ní nǹkan kan mọ́. Káàdì náà ò ní pariwo o. Á ṣì máa rajà bó ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ṣí i lórí fóònù yín," ló wí. "Ẹ má wo ọjà tẹ́ ẹ rà. Ẹ̀bùn tó wọlé gan-an ni kẹ́ ẹ wò."

Ìyá Ọlọ́dà wò ó. Ẹ̀bùn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sanra. Nígbà tó dé àárín ọdún, ó rù hangogo, kò sì tíì sanra mọ́ títí di òní. Kóló tó rò pé ó ti kún kò tíì dé ìdajì.

Onípákó ti ń pè é nínú. Ó ní ọkọ̀ ti kún, kí ìyá wá sanwó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fetí sílẹ̀," ni àbúrò wí. "Tẹ́ ẹ bá fi káàdì san owó igi yẹn, mẹ́ta máa kúrò lọ́wọ́ yín, ọ̀kan ló máa padà wá. Èwo ni èrè níbẹ̀? Ṣé gbogbo gbèsè oṣù tó kọjá lẹ san tán?"

Ìyá Ọlọ́dà ní òun ò tíì san án tán. Onífóòmù ò tíì kó owó rẹ̀ wá, ìyẹn ni kò jẹ́ kó san ju ìwọ̀nba tí báǹkì ní kò gbọ́dọ̀ dín lọ.

"Èlé ti ń gun orí ìyókù nìyẹn," ni àbúrò wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èlé kì í sùn. Oṣù kan péré ló lè fi jẹ ẹ̀bùn tẹ́ ẹ kó jọ fún ọ̀pọ̀ oṣù."

Ìyá Ọlọ́dà béèrè ìgbà tí ẹ̀bùn márùn-ún máa tún bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ní òun ò lè méfò, torí ti káàdì mìíràn máa ń yí padà nígbà tí ọdún tuntun bá dé, ti òmíràn sì ń tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n ṣí káàdì náà. Ó ní kó pe báǹkì tirẹ̀. Ó pè wọ́n. Orin ni wọ́n fi dá a lóhùn, ó sì dúró ti orin náà, Onípákó ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ohùn kan sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n ṣí káàdì rẹ̀ ni wọ́n ń kà, ó sì ku oṣù mélòó kan kí ọjọ́ náà tún tó yí po. Ọjọ́ Ẹtì ò ní dúró dè é.

Ó wọlé, ó bẹ Onípákó pé kó jọ̀ọ́ má tíì jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Ọkùnrin náà kùn, ó ní igi kì í ṣe ẹ̀wà tí wọ́n ń tọ́ wò. Ìyá Ọlọ́dà gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ó ki káàdì bọ àpò, ó sì forí lé ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ẹ̀rọ ń la igi lọ́wọ́ nígbà tó débẹ̀. Ó kọ́kọ́ pa á, ó wá dúró síbi tí ọkọ rẹ̀ ti lè rí ẹnu rẹ̀. Ó rò ó fún un láìfi ọ̀kan pe méjì: bó ṣe lọ bá dókítà, àsansílẹ̀ tó san, àti ẹ̀bùn káàdì tó gbójú lé, èyí tí kò sí níbẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń retí kí ó bínú.

"Mi ò gbọ́ ọ tán," ni ọkùnrin náà wí. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ, ó sọ ọ́ sókè débi pé Onífóòmù tó wà lẹ́yìn ògiri dá iṣẹ́ dúró. Ojú tì í, àmọ́ ó sọ ọ́ tán. Ọkọ rẹ̀ wo pákó tó wó lánàá.

"Lánàá, ṣé o pè mí?"

"Mo pè yín. Mo pè yín títí."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pín owó igi tó wà nílé sí méjì: kí wọ́n fi ìdajì ra igi lówó ọwọ́, kí wọ́n kó ìdajì fún dókítà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé àga nìkan ni òun lè kọ́kọ́ parí. Inú ọ̀gá náà ò dùn, ó sì gbé iṣẹ́ tábìlì fún gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn. Owó ńlá ló lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀, wọn ò sì rí i gbà padà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àbúrò bá wọn lọ. Dókítà fi ẹ̀rọ sí etí Gbẹ́nàgbẹ́nà, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n délé, kò tíì pẹ́ tó jókòó tó fi ní àwọn ọmọ yìí mà pariwo jù o, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí? Ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Onífóòmù kó owó rẹ̀ wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìyá Ọlọ́dà san gbèsè báǹkì tán, ó sì kọ̀ láti fi káàdì bá ẹnikẹ́ni rajà mọ́. Ó ṣì ń lo káàdì náà fún iṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀bùn tó bá ti wọlé nìkan ló ń kà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní káàdì àwìn lọ́wọ́, ẹ bi báǹkì yín léèrè lónìí: èló ni gbèdéke ẹ̀bùn mi lọ́dún? Èló ló kù kí n dé ibẹ̀? Ọjọ́ wo ló ń yí padà? Bó bá di ohun tí kò yé yín, ẹ tún un béèrè, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má ra ohun tẹ́ ò nílò torí ẹ̀bùn. Bí ọlọ́jà bá bu owó lé ọjà torí pé káàdì lẹ fẹ́ fi san án, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tó ń bọ̀ tó ohun tó ń lọ. Kẹ́ ẹ sì san gbogbo gbèsè oṣù lásìkò, nítorí kò sí ẹ̀bùn tó lè sáré bá èlé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀bùn tẹ́ ò bá mọ ibi tó parí sí, ẹ má fi ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹni tí ìlera rẹ̀ ò lè dúró.