Bọ́tìnnì Fàdákà Tí Casilda Ṣe fún Bàbá Rẹ̀

"Ta ló ṣí àpótí mi? Mo ní, ta ló ṣí i!"

Casilda ló ń pariwo. Ó dúró ti tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Àpótí kékeré tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ sì mọ́ fo bí àwo tí ajá lá. Evaristo, ọkọ rẹ̀, fara ti ẹnu ọ̀nà, ó ń fi igi ta eyín.

"Èmi ni mo ṣí i. Ṣé o fẹ́ nà mí ni?"

"Evaristo, àwòrán mi dà? Kọ́fílíǹkì mi dà?"

"Tìrẹ kẹ̀? Ẹ gbà mí o! Obìnrin wo ló ń fi kọ́fílíǹkì de apá ṣẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìlú Taxco yìí? Ohun tí ìyàwó bá ṣe, ọkọ ló ni ín. Lọ́jọ́bọ̀, Ọ̀gá Lizardi ń bọ̀ láti olú-ìlú wá wo iṣẹ́ wa. Èmi ni màá gbé e síwájú rẹ̀. Orúkọ mi ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Olè! Bàbá mi ni mo ṣe é fún! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é! Màá sọ fún Ọ̀gá Lizardi, màá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn!"

Evaristo tu igi ẹnu rẹ̀ dànù. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wá súnmọ́ ìyàwó rẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi ń kàn án lójú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ni, jẹ́jẹ́ yẹn ló sì jẹ́ kí ara Casilda tutù.

"Casilda, ásíìdì tí a fi ń fọ fàdákà, báwo ló ṣe rí lójú?"

Òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Bí omi ni. Bàbá rẹ kì í gbóòórùn mọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, kò lè sọ pé ohun tí òun mu ń jó òun. Bí o bá la ẹnu rẹ níwájú àlejò mi, ìwọ náà mọ èyí tó kù. Ta lo fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn? Èmi àti ọ̀gá ọlọ́pàá la jọ ń ta dómínò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú."

Ẹ wo ìkà lọ́sàn-án gangan! Ọkùnrin tí Don Hilarión, bàbá Casilda, gbà sílé nígbà tí kò ní ju ṣòkòtò kan lọ, tó kọ́ níṣẹ́, tó sì fún ní ọmọ kan ṣoṣo tó bí! Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Wọn kò purọ́.

Don Hilarión yìí, alágbẹ̀dẹ fàdákà tí gbogbo òkè Taxco ń bu ọlá fún ni. Ní nǹkan bí ọdún 1954, rọpárọsẹ̀ gbé e ṣubú. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di kíkùn lásán. Àyẹ́sí tó kù fún bàbá yìí láyé ni kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ sí ìsìn ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú kọ́fílíǹkì fàdákà lọ́rùn ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ ọ̀tún tó kú, ọwọ́ òsì lè bá a de tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì tó yè, ta ni yóò de tirẹ̀? Bàbá kò fẹ́ kí ọmọ máa wọṣọ fún òun bí ọmọ ọwọ́. Ó kúkú jókòó sílé. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Casilda dé láti ìsìn, ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, apá aṣọ òsì là sílẹ̀, omijé ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni Casilda mú pẹ́ńsù.

Ó ya kọ́fílíǹkì, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ọ̀pá kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ méjì bọ́tìnnì náà, ìṣó tín-ń-rín ló gún un láàárín, ó sì lè yí lórí ìṣó náà. Tó bá nà gbọọrọ, á gba ihò aṣọ kọjá. Tó bá dábùú, kò tún lè jáde. Gbogbo oníṣẹ́ fàdákà ló mọ ìyẹn. Ohun tí Casilda fi kún un ni sípíríǹgì, fàdákà pẹlẹbẹ kan tó ń ta padà, lábẹ́ ọ̀pá, àti orí ọ̀pá tó tẹ̀ bí èékánná ológbò. Ẹni tó bá fi ọrùn ọwọ́ ti etí tábìlì, èékánná náà á kọ́ igi, ọ̀pá á sì yí fúnra rẹ̀: kẹ́! Kò nílò ọwọ́ kejì.

Ìgbà mọ́kànlá ni sípíríǹgì náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Fàdákà tí a fi òòlù lù máa ń le, ó sì máa ń ta padà. Ṣùgbọ́n tí iná bá tún kàn án, á rọ̀ bí ewé tó sùn. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kejìlá, ó fi sípíríǹgì sílẹ̀ títí gbogbo iṣẹ́ iná fi parí, ó wá fi òòlù kàn án mọ́ ọn ní tútù. Bàbá rẹ̀ nìkan ló jókòó tì í tó rí i. Látìgbà náà, àràárọ̀ ni bàbá àti ọmọ ń ti ilẹ̀kùn yàrá, tí bàbá ń dán an wò létí tábìlì, tí inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé.

Ohun tí Evaristo jí nìyẹn.

Casilda sáré lọ bá Ofelia nílé ìdáná. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ni Ofelia, ọmọ ọdún méje ni nígbà tó wọ ilé náà bí aláìlóbìí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Casilda sọ gbogbo rẹ̀ fún un, omijé ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Yéè, Àǹtí mi!" Ofelia gbá a mọ́ra. "Ẹ dákẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó mú un lọ. Kí ni bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí bàbá? Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àlùfáà. Èmi náà á máa bá yín ṣọ́ bàbá."

Òkété, báyìí ni ìwà rẹ! Lọ́jọ́ kejì, Casilda ń gbé ẹ̀fọ́ bọ̀ láti ọjà, ó gba ẹ̀yìn yàrá tí wọ́n ti ń dán fàdákà kọjá. Ẹ̀rọ ìdánfàdákà kò ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín Ofelia ni.

"Ẹ̀rù ti bà á débi pé tí ológbò bá sín, á fò. Ṣùgbọ́n Evaristo, tí àlejò bá dé, tó bá jáde ńkọ́?"

"Kò ní jáde. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ́wọ́ kì í jáde wá kí àlejò. Tí arúgbó yẹn bá sì ti lọ, ta ni ilé-iṣẹ́ kù fún? Ìwọ ṣáà ṣe èyí tí mo ní kí o ṣe."

"Ìwọ náà ṣèlérí fún mi. Àwo Casilda ni mo ti ń fọ láti kékeré. Ó tó àkókò kí òun náà fọ tèmi!"

Ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ Casilda. Kò ṣà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé yàrá bàbá rẹ̀, kò mọ bó ṣe débẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún bàbá lóúnjẹ. Òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ẹ̀wà wò, òun ló ń já tọ̀tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, jẹ kó tó bù ú fún un. Tí ilẹ̀kùn bá dún, á fi ọwọ́ bo abọ́. Tí Ofelia bá rẹ́rìn-ín sí i, á rẹ́rìn-ín padà, eyín rẹ̀ á sì máa gbá ara wọn. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí ẹ̀rù tó dà bí èyí tó ń bá èèyàn jẹun nínú abọ́ kan náà!

Ọjọ́bọ̀ dé. Òórùn pòsólè, ọbẹ̀ àgbàdo ẹlẹ́ran, ti gba gbogbo àdúgbò. Ọ̀gá Lizardi wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin sísanra tí kì í rẹ́rìn-ín, tó ní ilé ìtajà mẹ́ta ní olú-ìlú. Àwọn oníṣẹ́ mẹ́rìnlá tò sẹ́yìn tábìlì. Casilda wà nínú yàrá pẹ̀lú bàbá rẹ̀, etí rẹ̀ ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ tó ń fọ́nnu.

Ofelia wọlé wẹ́rẹ́, ó gbé ife omi sórí tábìlì.

"Omi bàbá rèé, Àǹtí. Oòrùn mú lónìí."

Ó ti jáde kí Casilda tó sọ̀rọ̀. Casilda wo ife náà. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Ó gbé e, ó sì da díẹ̀ sílẹ̀, sórí òkúta ẹfun tí wọ́n fi tẹ́ yàrá náà.

Òkúta náà hó. Ó hó ṣàà, ó yọ ìfófòó funfun.

Casilda fà sẹ́yìn pẹ̀lú ife náà lọ́wọ́. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. Bàbá ti rí i. Ojú arúgbó náà kò kúrò lára ìfófòó yẹn. Ó wá gbé ọwọ́ òsì sókè, ó nà án sí ilẹ̀kùn: jẹ́ ká lọ.

Ní ilé-iṣẹ́, nǹkan kò rọgbọ fún Evaristo. Ọ̀gá Lizardi fi kọ́fílíǹkì kan sọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn sọ́wọ́ òsì.

"Sípíríǹgì èyí ń ta padà, ọ̀pá rẹ̀ le dáadáa. Mẹ́fà yòókù tí o ṣe, ọ̀pá wọn ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Kí ló fà á?"

"Ọ̀rinrin ni, ọ̀gá. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí."

Oníṣẹ́ kan bú sẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó.

"Orí ọ̀pá tó tẹ̀ yìí ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ẹwà ni, ọ̀gá. Ẹwà lásán."

"Irọ́ ni!"

Gbogbo wọn yíjú. Casilda ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé apá bàbá rẹ̀ kọ́rùn, ó sì di ife mú lọ́wọ́ kejì. Ojú rẹ̀ funfun bí ògiri, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ síwájú.

"Casilda!" Evaristo sáré síwájú. "Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gá, orí rẹ̀ ti dàrú láti..."

"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Ọ̀gá Lizardi wí.

"Ọ̀gá, iná ló pa mẹ́fà yẹn! Wọ́n fi iná jó sípíríǹgì wọn mọ́ra. Sípíríǹgì kì í rí iná, òòlù ni wọ́n fi ń kàn án, ní ìgbẹ̀yìngbẹ́yín. Ẹni tó bá ṣe é fúnra rẹ̀ á mọ̀. Ẹ fún bàbá mi ní èyí tó ń ta."

Don Hilarión jókòó. Ó fi eyín fa etí apá aṣọ òsì rẹ̀, ó fi bọ́tìnnì náà há etí tábìlì, ó ti ọrùn ọwọ́ síwájú díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ na ọrùn wò ó. Kẹ́! Ọ̀pá yí. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè, aṣọ dì mọ́ ọn pinpin.

"Evaristo," ni Ọ̀gá Lizardi wí, "fi ọwọ́ kan ṣoṣo de tìrẹ kí n rí i."

Evaristo ti ọwọ́ mọ́ tábìlì, ó tì í, ó tún un tì. Bọ́tìnnì fò bọ́ sílẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Kò tíì tán o," ni Casilda wí. Ó gbé ife síwájú Ofelia tó fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìn jáde. "Omi tí o gbé fún bàbá mi rèé. Oòrùn mú lóòótọ́. Mu ún!"

Ofelia wo ife. Ó wo Evaristo.

"Mu ún, àbúrò mi! Ṣebí omi ni!"

"Èmi kọ́!" Ofelia ké, ó wólẹ̀ lórí eékún. "Mo fi Ọlọ́run búra, èmi kọ́! Òun ló rọ ásíìdì sí i! Ó ní tí bàbá bá ti kú, òun á lé yín jáde, òun á fi mí jókòó sáàárín ilé!"

"Aṣẹ́wó onírọ́!" Evaristo gbé ọwọ́ láti gbá a létí, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ti dì í mú lápá méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn ta ásíìdì inú ife sílẹ̀, òkúta sì hó lójú gbogbo wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá ọlọ́pàá, ó dé. Ó fẹ́ fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀. Ọ̀gá Lizardi béèrè orúkọ rẹ̀, ó fa pẹ́ńsù yọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ọkùnrin náà gbàgbé dómínò lójú ẹsẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlá ni wọ́n dá fún Evaristo. Ofelia lo ọdún mẹ́rin, nígbà tó sì jáde, kò sí ilé kan ní Taxco tó ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n ní ó ń fọ àwo nílé oúnjẹ awakọ̀ kan lọ́nà Acapulco. Ẹni tó ní òun kò ní fọ àwo mọ́!

Ọ̀gá Lizardi ra ọ̀ọ́dúnrún kọ́fílíǹkì, orúkọ Casilda wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ ẹ̀rù kì í bọ́ lára bí aṣọ. Ó pẹ́ kí Casilda tó lè mu omi tí ẹlòmíràn bù fún un.

Lọ́dún tó tẹ̀lé ọjọ́bọ̀ yẹn, lẹ́tà kan dé láti ìlú Pachuca. Ìkọ̀wé ẹni tí kò mọ̀wé púpọ̀ ni: "Ìyáàfin, orúkọ mi ni Abundio. Ihò ìwakùsà gba apá mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Lánàá ni ọmọ mi obìnrin ṣègbéyàwó. Mo ti gbogbo wọn jáde nínú yàrá, mo sì fi bọ́tìnnì yín wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi fúnra mi. Ọlọ́run á wọṣọ fún yín."

Casilda ka lẹ́tà náà sókè fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá gbọ́, ó mirí, ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ gba ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ là, ó tiraka pẹ̀lú ahọ́n rẹ̀ títí, ọ̀rọ̀ kan sì jáde, ó mọ́ gaara, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín ọdún méjì:

"Casilda."