Ọkùnrin Tó Dá Ọkọ̀ Ojú Irin Dúró

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ-ọmọ mi, ti kọ́kọ́ rí i: géńdé kan nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, tó dorí kodò sí irin bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Òun ló na àsíá pupa tí ọkọ̀ ojú irin ayára, tòun ti èrò rẹ̀, fi dúró sáàárín igbó.

Fẹ́yìsayọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ dúdú.

"Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kó lọ. Wọ́n ń sin bàbá mi ní Ìlọ́fà lọ́sàn-án yìí."

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, àǹtí. Irin ló ti sán."

"Èyí tí kò nípọn tó irun orí yìí?"

"Òun náà ni. Tí ọkọ̀ bá bá eré yẹn gorí rẹ̀, yóò yẹ̀ ṣubú." Ó gbójú sókè wò ó. "Ará Ọ̀sí lèmi, ìtòsí Ìlọ́fà yín. Mo mọ ohun tí mò ń fi dù yín."

Wákàtí mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó pààrọ̀ irin náà. Ìgbà tó fi délé, wọ́n ti bo sàréè. Ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ bí kò da erùpẹ̀ sí i.

Gideon lorúkọ ọkùnrin náà. Ó ti gba nọ́ńbà rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó délé. Ó pè, ó tọrọ àforíjì. Ó tún pè. Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹ̀rín ti wọ ọ̀rọ̀ wọn.

"Ará Ọ̀sí, ọkọ̀ ta lẹ tún dá dúró lónìí?"

"Olólùfẹ́ mi, ìwọ nìkan ni mo fẹ́ dá dúró báyìí."

Ṣùgbọ́n Keziah, ọmọ mi tó bí Fẹ́yìsayọ̀, ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tó fi ìsìnkú bàbá rẹ̀ dù ú. Mo gbè é lẹ́yìn. Kí lèmi mọ̀ nípa ọkọ̀ ayára, èmi tí ìdí mi ń gba gbogbo ìjókòó ọ̀kadà tí ọlọ́kadà fi ń gun táǹkì?

Gideon àti àbúrò bàbá rẹ̀ wá sí Ìlọ́fà, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Keziah ò ní kí wọ́n dìde.

"Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ṣé wàá tún dá a dúró?"

Àbúrò bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ gbún un pé kó bẹ̀bẹ̀.

"Màá dá a dúró, Mà."

"Tó bá jẹ́ ìsìnkú tèmi ńkọ́?"

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Màá dá a dúró."

Mo ń retí kó lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n Keziah sún mọ́ ọn.

"Awakọ̀ tó gbé ọkọ mi láti Òmù-Àrán mọ̀ pé bíréèkì òun ò dáa. Èrò ń kánjú, ló bá ní àwọn á rọra débẹ̀. Ìjàǹbá yẹn ló pa á." Ó nu ojú. "Ká ní ó lágídí bíi tìrẹ."

Ó fa ọwọ́ Fẹ́yìsayọ̀, ó fi lé ti Gideon.

"Ẹ dìde. Ẹ mú ọjọ́ wá. Kẹ́ ẹ sọ fáwọn èèyàn yín kí wọ́n má sáré bọ̀ o. A óò dúró dè wọ́n."