Ògiri Iyọ̀ Jìbírílù

Ní òwúrọ̀ tí Akíndé mú ọ̀bẹ wá láti pa ẹṣin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dolóògbé, ẹṣin náà ń lá ògiri lọ́wọ́ ni. Ẹ̀yìn yàrá olóògbé ló dúró sí, ó ń fi ahọ́n họ amọ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀, títí ihò tó tó orí ènìyàn fi yọ lára ilé. Ó sì ti pẹ́ tí ogun ti dí ọ̀nà ọ̀sà, tí iyọ̀ ń gbà wọlé, mọ́ àwọn ará Ọ̀tà.

Jìbírílù, olóògbé oníṣòwò iyọ̀, ló ra ẹṣin náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti òkè Ọya bọ̀. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá wọ dàńdógó, tó gùn ún lọ kí Ọlọ́tà láàfin, ara ẹṣin a máa dán bí ẹni fi epo pa á. Nísinsìnyí irun ẹṣin ti gbó, gọ̀gọ̀ rẹ̀ ń re, pátákò rẹ̀ sì là bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àdìzát, ìyàwó kékeré olóògbé, jáde nínú aṣọ opó, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?"

"Ààfin ni mo ti ń bọ̀, ìyàwó. Àwọn àgbà ní ẹṣin tó bá ń jẹ ilé ẹni tó ni ín, òkú tó kàn ló ń pè. Èmi ni mo sì kàn." Akíndé wo ìrù ẹṣin tó ti fẹ́lẹ́. "Wọ́n ní ẹṣin a máa kú, a fi ìrù sáyé. Kí ni eléyìí fẹ́ fi sílẹ̀?"

Àpọ́nlé, ìyáálé, tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́, dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Èmi ni mo pọ̀n ọ́, Akíndé. Bí àrá bá sán, abẹ́ aṣọ mi lò ń sá sí. Ìwọ àti ikú, ẹ ti ń wo ara yín láti kékeré."

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́."

Àdìzát kò rẹ́rìn-ín. Ògiri pọ̀ nínú agbo ilé náà, àmọ́ ẹyọ kan yìí nìkan ni ẹṣin ń lá. Ibẹ̀ ni Jìbírílù máa ń to àpò iyọ̀ tì lójò lẹ́ẹ̀rùn. Àdìzát dìde, ó lọ bá ògiri, ó fi ahọ́n lá a.

"Ìyàwó, ṣé orí rẹ pé?"

"Ẹ wá lá a, ọkọ mi."

"Èmi Akíndé, kí n lá ògiri?"

"Ẹ lá a ná, kí ẹ tó pa á."

Akíndé fi ìka họ amọ̀, ó fi kan ahọ́n. Ó tún un ṣe.

"Iyọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ebi iyọ̀ ló ń pa á. Òun náà ló mú kí irun rẹ̀ máa re, kí pátákò rẹ̀ máa là."

"Níbo la ó ti rí iyọ̀? Kò sí lọ́jà."

Ìkòkò iyọ̀ kékeré kan ló kù nínú ilé, wọ́n fi pamọ́ fún oúnjẹ sàráà olóògbé. Àdìzát kò lè la ẹnu bèèrè rẹ̀. Àpọ́nlé wò ó títí.

"Lọ gbé e. Mo ti mọ̀ pé ẹṣin yìí ni ìyàwó kẹta. Ó tilẹ̀ ń jẹ ilé ọkọ rẹ̀ jù wá lọ."

Akíndé ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀. Ó fi kán-ún ránṣẹ́ láti ilé tirẹ̀, ó ní òun yóò dúró wo pátákò tuntun. Lọ́jọ́ sàráà, oúnjẹ tẹ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán bẹ́ẹ̀.

Pátákò kì í yára hù. Tuntun yọ nídìí irun, ó dán, ó le. Ojú àpá kan sì yí i ká níbi tó ti pàdé ti àtijọ́. Àdìzát a máa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lójú rẹ̀, àpá ikú Jìbírílù ni. Ó bọ́ aṣọ opó, àpá náà kò tíì délẹ̀. Ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po kí ó tó délẹ̀, kí Àdìzát tó fi ọ̀bẹ gé e kúrò.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni ogun wọ Ọ̀tà. Akíndé lọ sí odi ìlú, wọn kò rí i mọ́. Àdìzát gbé Àpọ́nlé gun ẹṣin, wọ́n sá gba inú igbó tó ti di ọ̀nà tí tírélà ilé-iṣẹ́ ń gbà lónìí ní Sàngó. Kùkùté àti òkúta ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Pátákò kankan kò là.

Nígbà tí wọ́n padà, òjò ti wó ilé. Àdìzát ṣa amọ̀ ògiri ẹ̀yìn yàrá jọ, ó pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, ó fi mọ ògiri náà padà. Nígbà tí ilé gbẹ, ó fa ẹṣin lọ síbẹ̀. Ẹṣin gbóòórùn ògiri náà, ṣùgbọ́n ebi iyọ̀ kò pa á mọ́, ó yíjú sí koríko.

Àdìzát nìkan ló fi ahọ́n kan ògiri.