Sẹ̀kínátù Lórí Ẹ̀rọ Ijó

Lọ́jọ́ Ajé tí Sẹ̀kínátù fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ara fún ìrìn-àjò Mẹ́kà, orin ló ń kọ láti inú ilé bọ́ síta. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí Hájì yìí. Aṣọ àǹkárá ló ń tà ní Òṣòdì, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìjókòó ni. Kódà oúnjẹ, ìdí ìjókòó ni wọ́n ń gbé e wá bá a. Bó ṣe ń sanra sí i làwọn oníbàárà ń kí i pé ayé ń yẹ ẹ́, òun náà a sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Àṣé kì í ṣe gbogbo ara tó kún ni ara tó le.

Dókítà Ògúndélé yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí.

“Màmá, ọgọ́sàn-án ni tòkè, àádọ́fà ni tìsàlẹ̀. Ẹ ò ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni?”

“Mo ní in. Ṣùgbọ́n bí orí ò bá fọ́ mi, n kì í lò ó.”

“Háà! Ẹ̀jẹ̀ ríru lè má fọ́ yín lórí rárá títí táá fi dá yín wó. Ojoojúmọ́ lẹ óò máa lo oògùn yín. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ méjì òní. Bó bá ti wálẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ eré ìmárale díẹ̀díẹ̀, títí táá fi pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Mi ò lè buwọ́ lùwé àyẹ̀wò yín báyìí. Oṣù mẹ́ta ló kù kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ yín.”

Ẹkún ni Sẹ̀kínátù sun délé.

Nígbà tó padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, dókítà sì ní kó bẹ̀rẹ̀ eré ìmárale. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sáré ládùúgbò. Ni Salimat ọmọ rẹ̀ bá mú un lọ sílé géèmù kan ní Okota. Ẹ̀rọ ijó kan wà níbẹ̀ tó ní pèpéle tí wọ́n ya ọfà mẹ́rin sí. Èyí tí iná bá fi hàn lójú ẹ̀rọ, òun lèèyàn ó fẹsẹ̀ tẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Rùfáì, ọkọ rẹ̀, gbọ́, inú bí i. “Ẹni tó ń lọ sí Hájì ló ń jó láàárín ọmọdé? Kí làwọn ará mọ́ṣáláṣí á wí?”

“Bàbá Salimat, bí mo bá kú, wọ́n á wá sin mí. Kó tó dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n gbẹ́sẹ̀.”

Rùfáì bá ní òun á tẹ̀ lé e lọ wò ó.

Lọ́jọ́ kẹta, ọgbọ́n sọ sí Sẹ̀kínátù nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà bó ṣe máa ń kà bó bá ń wọn aṣọ: “Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, èènì!” Ẹsẹ̀ bá kíkà mu. Òógùn bò ó. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú méjì di mẹ́wàá, mẹ́wàá di ọgbọ̀n. Àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́: “Ìyá wa, ẹ fún un léènì!” Rùfáì fúnra rẹ̀ ń bá a gbé báàgì dání, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó tuntun.

Nígbà tóṣù mẹ́ta pé, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò: ọgọ́fà ó lé mẹ́jọ lókè, ọgọ́rin nísàlẹ̀. Ó buwọ́ lùwé. Sẹ̀kínátù pariwo “Àlùhámúdùlílà!” tí gbogbo ọsibítù fi gbọ́.

“Ijó nìkan kọ́ o, Màmá,” ni dókítà wí. “Oògùn àti oúnjẹ bá a ṣe é. Ẹ ò gbọdọ̀ dá oògùn dúró láìjẹ́ pé mo ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, dókítà. Ojú mi ti rí i.”

Ìwọ tó ò ń ka èyí, ìgbà wo lo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò gbẹ̀yìn? Má dúró dìgbà tórí bá fọ́ ọ. Yálà o jó, o rìn, tàbí o gun àtẹ̀gùn, ohun tí dókítà bá ní agbára rẹ gbé ni kó o ṣe, má sì jẹ́ kójú tì ọ́. Bá a bá wó lulẹ̀ tán, àwọn tá à ń tijú fún kọ́ ni yóò bá wa dùbúlẹ̀ àìsàn. Dìde lónìí.