Àpótí Àrìnpé

Oúnjẹ ìkómọ ti jinná kí ọmọ tó kú. Ọjọ́ kẹjọ ni, nílé Augustin akọ̀wé, ní àdúgbò Houinmè, ní Àjàṣẹ́. Ìrẹsì wà nínú ìkòkò, wọ́n ti yá àga ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ti wà lọ́nà. Pélagie, ìyàwó Augustin, gbé ọmú sọ́mọ lẹ́nu láàárọ̀, ọmọ ò gbà á. Ẹnu rẹ̀ há. Wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi omi ra á, kò là. Ara ọmọ náà wá gan, ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń yí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn tó wá jẹun ìkómọ ló sin òkú.

Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ni, wọn ì bá ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkọ́bí ṣe kú lọ́dún tó ṣáájú: ọjọ́ kẹjọ, ẹnu há, ara gan. Ọmọ méjì! Ẹ sọ fún mi, àdúgbò wo lẹ mọ̀ tí irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò ní wá orí ẹni tí wọ́n máa gbé e lé?

Orí Àrìnpé ni wọ́n gbé e lé, ìyá tó bí Augustin. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, opó, tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Oyèkànmí onígbàjámọ̀, ti kú. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ bò ni. Bí ẹ bá purọ́ níwájú rẹ̀, á ní, "Irọ́ lo pa," ojú àna yín ni o, ojú pásítọ̀ ni o. Irú wọn kì í lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀. Ó tún wá ní àpótí pákó kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí kì í ṣí lójú ẹnikẹ́ni. Kí ló tún kù?

Honorine, ẹ̀gbọ́n Pélagie, tó máa ń gbẹ̀bí àbúrò rẹ̀ nílé, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó ká ọwọ́ lérí. "Ẹyẹ ló wà nínú àpótí yẹn. Bí kì í bá ṣe ẹyẹ, kí ló dé tí wọn kì í ṣí i?"

Àrìnpé jáde sí i. "Honorine, èmi ni mo fẹ́ jẹ ọmọ ọmọ mi? Èmi tí mi ò léyín láti fi jẹ adìyẹ?"

"Àjẹ́ kì í fi eyín jẹ, Ìyá."

"Ìwọ lo mọ ohun tí wọ́n fi ń jẹ. Èmi ò bá wọn jókòó rí."

Láti ọjọ́ náà, Honorine ò jẹ́ kó tún ẹsẹ̀ bọ iyàrá Pélagie mọ́.

Ọdún kẹta tí àwọn ológun gbàjọba nìyẹn. "Ehuzu!" ni wọ́n fi ń kíra wọn ní gbogbo Àjàṣẹ́, ayé ti yí. Kámárádì síhìn-ín, kámárádì sọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn àjẹ́ ni ò jẹ́ kí ìlú lọ síwájú, rédíò sì ń gbé ohùn àwọn ìyá arúgbó sáfẹ́fẹ́. Ọ̀kan á ní òun jẹ ọmọ márùn-ún, òmíràn á ní òun jẹ méjìlá. Ẹni tó bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ẹni tó bá lóun ò mọ̀ ọ́n, àhámọ́ ni. Ẹ̀yin náà, ẹ fi làákàyè gbé e wò: tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa sọ?

Célestin ni olórí kọmité ìjọba ní àdúgbò wọn. Àrìnpé kan náà ló kọ́ ọ ní ìwé Ọlọ́run nígbà tó wà ní kékeré. Àwọn àdúgbò yòókù ti mú àjẹ́ wá fún rédíò, tiwọn nìkan ni ò tíì mú, ìtìjú sì ti ń bá Célestin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òwìwí kan ṣìnà, ó bà sórí igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọ̀dọ́ fi kànnàkànnà sọ ọ́ lulẹ̀, wọ́n so òkú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn Àrìnpé. Ó jáde, ó wò ó, ó tú u.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọdẹ," ó ní. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè fi òkò kan pa àjẹ́, kí lẹ tún ń wá rédíò fún?"

Augustin fà á wọlé. "Màmá, ẹ rọra. Wọ́n máa yọ mí kúrò níṣẹ́ ní biró."

"Ìwọ rọra fún wọn. Èmi ti rọra fún Ọlọ́run, ó ti tó mi."

Pélagie tún lóyún. Ọjọ́ tó ń rọbí gan-an ni Célestin ránṣẹ́ mú Àrìnpé: àjẹ́ ò gbọ́dọ̀ sí nílé tí wọ́n ti ń bímọ. Ọ̀dọ́ méjì gbé àpótí náà bíi pé iná ló wà lórí wọn. Ìdí igi máńgòrò nílé Célestin ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Èrò ti pé. Ọkùnrin rédíò ti gbé míkrò rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn, sórí tábìlì. Augustin wà níbẹ̀, ó fara pamọ́ sẹ́yìn èèyàn.

"Ìyá, ẹ ṣí i," Célestin ní.

"Kọ́kọ́rọ́ rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rí ẹyẹ, ẹ ṣí i."

Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Àrìnpé rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí i fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn sá sẹ́yìn. Ẹyẹ kankan ò fò jáde.

Ó fa aṣọ funfun kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí apá. "Aṣọ ìsìnkú mi rèé. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti rà á." Ó mú ìwé orin. "Orin tí wọ́n máa kọ lọ́jọ́ náà rèé, mo ti ká etí ewé ẹ̀. Célestin, ẹni tó ti ra aṣọ òkú rẹ̀ sílẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà á?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín lọ, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó mú àkọ̀ awọ kan jáde, irú èyí tí onígbàjámọ̀ ń ki abẹ sí. Ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀rín kú lójú Àrìnpé.

"Augustin! Abẹ bàbá rẹ dà?"

Augustin wolẹ̀. "Màmá, mo jí kọ́kọ́rọ́ yín, mo mú un nígbà tí Pélagie fẹ́ bí àkọ́bí. Abẹ tó gé ìwọ́ mi ni mo fẹ́ kó gé ìwọ́ àwọn ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fún mi, ni mi ò ṣe sọ."

"Òun ni wọ́n fi gé ti àwọn méjèèjì?"

"Òun ni. Ó wà lọ́wọ́ Honorine."

"Yéè! Augustin, o pa mí o! Abẹ yẹn ló pa bàbá rẹ!" Ó gbá orí mú. "Ẹ̀gún wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ lóko, ó fi abẹ hú u. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ẹnu rẹ̀ há, bí ẹnu àwọn ọmọ rẹ ṣe há. Dókítà ní kí n jù ú nù. Mi ò lè jù ú nù, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi ni. Mo tì í mọ́bí kó lè bá mi wọlẹ̀."

Kò dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ. Ó gbé ìró sókè, ó sáré. Wọ́n pariwo, "Dúró!" Ó dúró fún ta ni?

Ọmọ ti dé ilẹ̀ nígbà tó já wọlé. Honorine di ìwọ́ mú lọ́wọ́ kan, abẹ wà lọ́wọ́ kejì. Ohun tí àwọn obìnrin inú iyàrá rí ni pé àjẹ́ ti wá gba ẹran rẹ̀. "Ó ti dé o!" Àrìnpé ò wojú ẹnikẹ́ni. Ibi ẹnu abẹ ni ó fọwọ́ gbá mú, ó fà á gbà. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ọ̀kan nínú wọn fi ọmọ odó lù ú lẹ́yìn, ó ṣubú, ó fi àyà dùbúlẹ̀ lé abẹ náà lórí.

"Ẹ pa mí! Ẹ pa mí o, mo ti múra! Ṣùgbọ́n abẹ yìí ò ní kan ọmọ yìí, níwọ̀n ìgbà tí Jésù wà láàyè! Ẹ pe Silifatou!"

Silifatou, agbẹ̀bí ìjọba, ló ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Wọ́n tún gbé ọmọ odó sókè. Pélagie ló sọ̀rọ̀ láti orí ẹní, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Méjì ti kú lọ́wọ́ yín. Ẹ pe Silifatou, ọmọ mi ni."

Silifatou dé, ó se abẹ tuntun nínú omi tó hó, ó fi gé ìwọ́. Nígbà tó wá la àtẹ́lẹwọ́ Àrìnpé wò, ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbọ́ ìtàn abẹ náà, ó mi orí. "Ìyá, ilé ìwòsàn ńlá lẹ ń lọ báyìí, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́. Bẹ́ ẹ bá fi í falẹ̀, àìsàn tó pa àwọn ọmọ yìí á wọ̀ yín lára."

Ẹnu ọ̀nà ni Célestin àti àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ti pàdé wọn.

"Ilé ìwòsàn kẹ̀? Ẹni àhámọ́ ni. Kó kọ́kọ́ bá míkrò sọ̀rọ̀. Kó ní òun ni, kó ní òun ti ronú pìwà dà. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mọ́tò á sì gbé e lọ."

Augustin kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọlọ́run mọ ọkàn yín, á dárí jì yín."

"Á dárí jì mí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní èmi ni, abẹ ti bọ́ nínú ẹ̀sùn nìyẹn. Ọmọ ẹlòmíràn á tún kú lọ́la, wọ́n á tún wá ìyá arúgbó mìíràn mú. Àti pé ẹnu tí mo fi jẹ oúnjẹ Olúwa, mi ò ní fi sọ pé mo jẹ ọmọ ọmọ mi. Jésù kú kí n má bàa bẹ̀rù ikú. Ṣé Célestin ló wá kù tí màá bẹ̀rù? Dìde, Augustin. Gbé míkrò wọn wá."

Wọ́n gbé e wá. Ó sún mọ́ ọn dáadáa.

"Èmi Àrìnpé, ìyàwó Oyèkànmí, mi ò jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo tọ́jú abẹ tó yẹ kí n jù nù, ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, mo sì ti bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ máa se abẹ yín kó hó. Ẹ máa lọ sílé ìgbẹ̀bí. Ó tán."

Ọkùnrin rédíò pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní èyí ò ṣe é gbé sáfẹ́fẹ́.

Yàrá ẹrù Célestin ni wọ́n tì í mọ́. Wọ́n ní ó di ọjọ́ kẹjọ: bí ọmọ bá kú, àjẹ́ ni, bí ọmọ bá yè, wọ́n á tú u sílẹ̀. Silifatou wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n lé e padà. Ẹ má bi mí ohun tí Augustin ṣe. Ó ń lọ sí biró. Láràárọ̀ ni Àrìnpé ń kọrin nínú yàrá náà, tí gbogbo ọ̀nà ń gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ orin mọ́, ohùn nìkan ni wọ́n gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Pélagie pọn ọmọ wá sí àgbàlá Célestin, ó jókòó síwájú gbogbo wọn, ó gbé ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ náà gbà á, ó ń fà á tìjà-tìjà. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n sáré ṣílẹ̀kùn. Àrìnpé fara ti ògiri.

"Ìyá, ọmọ ń mu ọmú o!"

Inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ fi hàn. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ò là.

Honorine ló kọ́kọ́ yé. Ó kígbe, ó ṣubú lé e lẹ́sẹ̀. "Èmi ni! Ó yẹ kó jẹ́ èmi!" Àrìnpé gbé ọwọ́ tó gé náà lé e lórí, kò gbé e kúrò títí mọ́tò fi dé. Nílé ìwòsàn wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ kejì ló lọ.

Célestin mú ọkùnrin rédíò wá síbi ìsìnkú. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé àjẹ́ ti lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ọ̀fun ṣe ni Augustin gba míkrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gba èyí sílẹ̀. Èmi Augustin, ọmọ Oyèkànmí, èmi ni mo mú abẹ. Mo pa ọmọ mi méjì, mi ò mọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìyá mi fi nílò abẹ́rẹ́, mo lọ jókòó sí biró. Ìyẹn, mo mọ̀. Ìyá mi kì í ṣe àjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá mú mi, mo dúró."

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?" Célestin sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Gbé e fún ẹni tó bá wù ọ́."

Kò sẹ́ni tó mú un. Ó ki abẹ bàbá rẹ̀ sínú àkọ̀, ó tẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú aṣọ funfun náà, bí ìyá ṣe fẹ́. Wọ́n ṣí ewé orin tó ká létí, wọ́n kọ ọ́ tán. Bí wọ́n ṣe da iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọmọ ẹ̀yìn Pélagie figbe ta, ó la ẹnu débi tí èèyàn fi lè rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Pélagie, fún un lọ́mú kó dákẹ́," ìyá kan sọ. "Ibi òkú la wà."

Pélagie sọ ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e síwájú, ó kọ ojú rẹ̀ sí ibojì. "Kò ní dákẹ́. Ẹ fi ẹnu ọmọ mi sílẹ̀, kó là á dáadáa, kí ìyá rẹ̀ àgbà lè gbọ́."