Ẹni Tó Yẹ Kó Jí Okùn

"Jolina, lọ jí okùn kí àwọn àlejò tó dé," ni Bọ̀dá Titus wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sójú títì láti pàdé bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ òkun ńlá ti gúnlẹ̀ sí èbúté erékùṣù wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, èrò á sì pọ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí jíjí okùn jẹ́ lórí òkè wa. Okùn irin náà gba orí àfonífojì kọjá, láti pẹpẹ òkè dé pẹpẹ ìsàlẹ̀. Òun là ń so àwọn àlejò mọ́ tí wọ́n á fi fò kọjá bí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí àlejò kankan tó gùn ún, òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gùn ún fúnra rẹ̀, bí ẹni ń jí okùn náà lójú oorun. Ohun tó o ò bá lè fi ara tìrẹ dán wò, má fi ara ọmọ ẹlòmíràn dán an wò.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Jolina. Bọ̀dá Titus, aládùúgbò wọn, ló mú un wọ iṣẹ́ náà, kó máa ṣe é nígbà tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi. Ó ń di ìgbànú mọ́dìí lórí pẹpẹ òkè ni fóònù rẹ̀ dún. Shermaine ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àwọn ọmọ kíláàsì wọn ti kóra jọ, wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣáájú wọn jó lọ́jọ́ àjọ̀dún ìbílẹ̀.

"Ìwọ là ń dúró dè o," Shermaine wí. "Tó o bá gbé fóònù yẹn sílẹ̀, Ronelle la máa mú. Àbí okùn lo fẹ́ fẹ́ ní tìẹ?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Jolina jókòó. Nígbà tí wọ́n fi máa yàn án tán, ó ti ń gbóhùn àwọn àlejò tí wọ́n ń gun òkè bọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ìkùukùu sì bo àárín àfonífojì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sóhun tó ṣe okùn yìí rí.

"O ti jí i?" Bọ̀dá Titus bi í.

"Mo ti jí i, sà."

Bọ̀dá Titus wo aṣọ rẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn àlejò.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Misis Hanley ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ó di ọwọ́ Jolina mú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ gùn ún lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò séwu."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbéra lọ. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ igbe rẹ̀ nínú ìkùukùu. Òjò ti tẹ ọparun kan lé orí okùn, ìyá náà sì fi gbogbo ara gbá a. Bọ̀dá Titus ló fà á dé ilẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ìyá náà ti kán.

Nígbà tí Misis Laurent, tó ni ibẹ̀, béèrè ẹni tó jí okùn, Bọ̀dá Titus ní òun ni olórí, kí ẹ̀bi wá sórí òun. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ lójú Jolina. Jolina bọ́ ìgbànú ìdí rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà ilé lọ.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyàwó Bọ̀dá Titus ṣì ń fi búrẹ́dì àgbọn ránṣẹ́ sílé Jolina bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú sì ń ti ọmọ náà láti gbà á. Ní ọjọ́ tí wọ́n dán aṣọ ijó wò fún un, ẹkún ló ń sun. Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó sì lọ bá Bọ̀dá Titus nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Mi ò jí okùn yẹn, sà."

"Mo mọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹni tó bá gùn ún lẹ́yìn òjò, omi á rin ín gbindin. Aṣọ rẹ gbẹ. Mo rí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí iṣẹ́ yá, mo sì dákẹ́. Mo ti ru ẹ̀bi tèmi. Mi ò lè bá ọ ru tìrẹ."

Jolina lọ jẹ́wọ́ fún Misis Laurent. Ìyẹn pe Misis Hanley lórí fóònù, ó ní kí Jolina fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ náà sọ ọ́ tẹkúntẹkún.

"Ọwọ́ mi ń san," ni Misis Hanley wí. "Ọ̀gá rẹ ti sọ fún mi pé kò séwu, mi ò gbà á gbọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwọ ni mo bi, torí mo rò pé ọmọdé ò ní purọ́ fún mi."

Wọ́n dá Bọ̀dá Titus padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní kí Jolina máa lọ sílé. Ó fi ipò ijó náà sílẹ̀ fún Ronelle.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, irọ́ tí a bá fi ra ìgbádùn díẹ̀, ara ẹlòmíràn ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀. Ọwọ́ tó kán yóò jinná. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyá yẹn yóò tún gba ọmọdé gbọ́, èmi ò mọ̀ ọ́n, Jolina náà ò sì mọ̀ ọ́n.