Ọkọ̀ Tí Kì í Mu Epo

Lọ́rì kan wà ní ibùdó ológun wa nígbà ogun, tó máa ń ti ojú ìjà dé, tí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á sì tutù bí imú ajá.

Ọwọ́ ni àwa mẹkáníìkì fi ń kí ọkọ̀. Bó bá ti dé báyìí, a ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Ooru ibẹ̀ ni yóò sọ bó ṣe rìn tó. Èyí kò sọ nǹkan kan. Ó ń kó ọta ìbọn lọ lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tó bu epo sí i. Awakọ̀ rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀. Ajókòó-Má-Dìde là ń pè é.

Sájẹ́ńtì ní olè ni awakọ̀ náà, ó ní epo ibùdó ẹlòmíràn ló ń jí. "Fa táǹkì rẹ̀ gbẹ," ló wí fún mi. "Àbúrò rẹ ni yóò bá a lọ, kó máa ṣọ́ ọ."

Mo ṣí táǹkì. Aláǹtakùn ti ta okùn síbẹ̀. Mo lọ wí fún sájẹ́ńtì.

"O tún ti bẹ̀rẹ̀ àpárá rẹ," ló wí. N kò lè dá a lẹ́bi tán. Èmi náà ni mo fi girísì sí bàtà rẹ̀ lọ́jọ́sí.

Gìgísẹ̀ bàtà àbúrò mi ti jẹ. Mo gé táyà, mo kàn án mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ mí di mọ́tò!"

"Má sùn nínú ọkọ̀ yẹn o."

Nígbà tí lọ́rì náà gbéra, kò bú bí ẹ́ńjìnnì. Ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Mo wolẹ̀ kí n rí ipa táyà; ipa ẹsẹ̀ èèyàn ni mo rí, ti ẹsẹ̀ lásán rẹpẹtẹ, wọ́n rì sínú ẹrẹ̀.

Bàbá aṣọ́nà, tó ti lọ sí ogun àtijọ́, yọ fìlà.

"Àwọn alábàárù ni," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí mọ́tò tó dé, orí wọn là ń di ẹrù ogun lé. Wọ́n kú sójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wí fún wọn pé kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́, lọ́rì padà dé. Ajókòó-Má-Dìde nìkan ló wà níwájú.

"Àbúrò mi dà?"

Kò wojú mi. "Ó ní ó ti rẹ àwọn kan. Ó lọ gba ẹrù lórí wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Láàárín ipa àwọn ẹsẹ̀ lásán, ipa bàtà kan wà níbẹ̀, ojú táyà ní gìgísẹ̀. Ó rì ju tàwọn yòókù lọ.

Mo pariwo pe sájẹ́ńtì kó wá wò ó. Láti inú ọ́fíìsì ló ti dáhùn pé àpárá mi ti tó gẹ́ẹ́.

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná bí iwájú orí èèyàn. Ó ń làágùn.